Ìṣẹ́jú Mẹ́rin, Aago Mẹ́ta Òru

Ní Hull, létí odò Humber,
níbi tí afẹ́fẹ́ ṣì ń rùn bí ẹja tí kò sí mọ́,
mo ń ṣọ́ àwọn arúgbó tó ń sùn.
Yàrá méjìlá. Ẹ̀rọ amúlégbóná ń kùn bí ológbò.

Bí mo bá ti yí Màmá Doreen sí ẹ̀gbẹ́ kejì,
tí mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé mo yí i,
màá fa fóònù yọ lápò aṣọ iṣẹ́,
màá dín iná rẹ̀ kù.
Iṣẹ́ kejì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èyí tẹ́nikẹ́ni ò sanwó rẹ̀.

Fíìmù kúkúrú ni mò ń wá,
èyí tí kò ní gùn ju àsìkò tí omi tíì fi ń hó lọ.
Wọ́n pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí yanrìn etíkun Withernsea:
ti ọmọ iléèwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kámẹ́rà yá,
ti ẹni tó fi owó ilé háyà iná,
ti ẹni tó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó, tó ní kó máa sunkún.
Mò ń ṣà wọ́n bí ìyá mi ti ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ,
ọwọ́ ń lọ, ojú ń lọ, ẹnu ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn,
àmọ́ òkúta kan ò gbọdọ̀ dé inú ìkòkò.
Ogójì ni mo wò lọ́sẹ̀ tó kọjá.
Mẹ́ta ni mo mú.
Ọ̀kan nínú mẹ́ta ọ̀hún, mo ṣì ń ṣiyèméjì.

Èyí tó bá fi orin bẹ̀ mí kí n sunkún, mo fò ó.
Èyí tó mọ̀ pé òun rẹwà, mo fò ó.

Fadérera, tó ni ẹ̀rọ tí a fi ń tan án sára ògiri
lẹ́yìn ilé ìfọṣọ, ní Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù,
bi mí pé, “O ò ṣe kúkú kó gbogbo ẹ̀ wá?”
Mo ní, ẹni tó ra gbogbo ọjà délé
kò tíì se oúnjẹ.

Lóru Ọjọ́rú, Bàbá Clifford Stather ti yàrá kẹsàn-án
fi ọ̀pá ìrìn rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mi.
“Kí lò ń wò?”
Òfin ní kí n dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì.
Mo fa àga fún un.

Èyí tí mo fẹ́ jù nù ló wà lójú fóònù.
Iná rẹ̀ ò dáa, ohùn rẹ̀ ń hó,
èèyàn mọ́kànlá péré ló tíì wò ó, èmi ni ìkọkànlá.
Obìnrin kan, ní erékùṣù tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀,
fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin:
ó lọ kọ́là, ó lọ apá,
ó fi í kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn
sáàárín àwọn mìíràn tó ti lọ̀.
Ó tán.

Bàbá ní, “Dá a padà.”
Ẹ̀ẹ̀mẹrin la wò ó.
Lẹ́ẹ̀kẹrin ló sọ̀rọ̀: “Omi rẹ̀ ò tó.
Ìyá mi a máa fi ẹnu fọ́n ọn ni.
Ọdún mẹ́fà ló fi lọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹni tí òkun ò dá padà.”
Ó dìde, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Mo ti fi àmì jù-ú-nù sí fíìmù yẹn.
Èmi tí mò ń fi ṣíṣà yangàn,
ṣé òkúta ni mò ń ṣà ni, àbí ẹ̀wà?

Láago méje mo kọ ìwé ìròyìn òru:
Yàrá kẹsàn-án: kò sùn. Kò sí wàhálà.
Mo pa àmì yẹn rẹ́.
Mo kọ ọ́ síwájú gbogbo ti Sátidé,
mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: ẹ má wo iná, ẹ wo ọwọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, òjò ń na fèrèsé,
mo tún ṣí i.
Ó ti di mẹ́tàlá.
Èmi, Bàbá,
ta ló tún jí?